Ohun Tí A Tẹ́ Kò Gbọdọ̀ Mú Wa Tẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ó lè máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, 'Kí ni olùkọ́ èdè Yorùbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà tí a ń tẹ́ sílẹ̀?' Ìdáhùn mi kò le. Lórí ilẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé ẹsẹ̀ lé, bí ilẹ̀ bá sì yẹ̀ mọ́ ni lẹ́sẹ̀, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ṣubú.

Ìlú Ilé-Ogbó, ní agbègbè Ìwó, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Òkè ilẹ̀ ni ìlú náà wà. A kò ní ọ̀sà, a kò sì ní èbúté. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú a máa rìn jìnnà láti wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ní ọdún Iléyá kan, nígbà tí àwa ará ilé péjọ sí àgbàlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò láàárín Ìkòròdú àti Èkó wà láàárín wa. Ó ní ẹni tí òun ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí inú rẹ̀, ó sì ti fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó pinpin. Nígbà tí òun kọ́kọ́ rà á, ojú àwọn èrò a máa dán bí wọ́n bá wọlé. Lẹ́yìn òjò ọdún méjì, kápẹ́ẹ̀tì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, kò sì gbẹ mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí èrò kan ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀, pátákó abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wó lulẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà rì wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Ó ní, 'Bọ̀dá mi, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, nínú gbogbo ohun ìgbàlódé tí wọ́n ń tà lọ́jà yìí, èwo ni kí n fi rọ́pò kápẹ́ẹ̀tì yẹn?'

Kí n tó la ẹnu, ìyá àgbà kan nínú agboolé wa, tí ó ti ń ta ẹní láti ìgbà èwe rẹ̀, ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ó ní, 'Ọkọ mi, ẹní tí a kì í ká, ẹni tí ó tẹ́ ẹ kò lè mọ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.' Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ro ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé òun ni ó dáhùn ìbéèrè náà, àti pé gbogbo ohun tí mo lè fi kún un kò ju àlàyé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọgbọ́n àwọn baba wa. Ilẹ̀ amọ̀ ni wọ́n máa ń lù títí yóò fi le, àwọn obìnrin a sì fi ẹbọ́tọ àti omi ewé rá a kí ó má baà máa kù eruku. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí ní alẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a gbọn ẹní, wọn a ká a, wọn a gbé e ti ògiri. Afẹ́fẹ́ a fẹ́ sí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì fẹ́ sí ẹní. Títí di òní, àwọn obìnrin Ògòtún-Èkìtì lókìkí fún ẹní híhun, àrà tí wọ́n sì ń dá sí i lára kò ní kí ó ṣòro í ká.

Àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́ tilẹ̀ ṣe ju èyí lọ. Wọ́n a máa to àpáàdì ní ìdúró, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, nígbà mìíràn wọ́n a sì to òkúta funfun wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, láti fi ṣe ilẹ̀ àgbàlá. Peter Garlake wú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní Ilẹ̀ Ọbalárá ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1971 sí 1972. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so iṣẹ́ yìí mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, tí wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀. Àwa ará agbègbè Ìwó kò lè gbàgbé orúkọ náà, nítorí ọ̀dọ̀ Tẹ̀lú, ọmọ Lúwo, ni ìtàn ìlú Ìwó ti ṣẹ̀ wá. Bí a bá wo ilẹ̀ àpáàdì náà dáadáa, a ó rí i pé kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó lè rà. Omi bọ́ sí i, omi rí ọ̀nà lọ.

Wàyí o, kí ni ó ṣe kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀? Ohun mẹ́ta ni. Èkínní, kápẹ́ẹ̀tì a máa mu omi. Lítà omi kan, kílò kan ni ìwúwo rẹ̀. Bí kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan bá mu lítà 40, ó ti fi kílò 40 kún ẹrù ọkọ̀ náà, bí ẹni pé ọmọdé kan wọkọ̀ láìsan owó. Èkejì, iyọ̀ inú omi ọ̀sà a máa kù sínú òwú rẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá ti gbẹ, iyọ̀ sì ni yóò tún máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí kì í fi gbẹ tán. Ẹ̀kẹta, òun ni ó sì burú jù, ó bo pátákó mọ́lẹ̀. Igi tí ó bá wà nínú ọ̀rinrin láìrí afẹ́fẹ́ yóò bu, lẹ́yìn náà yóò jẹrà, ojú kò sì ní rí i. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ jẹ́ fáíbà pàápàá kò bọ́, nítorí ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ní pátákó lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ohun tí ó wà lọ́jà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Níhìn-ín ni iṣẹ́ olùkọ́ èdè ti wọ̀ ọ́, nítorí orúkọ kan ṣoṣo ni a sábà máa ń pe ohun púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe gbogbo rọ́bà tí a ń tẹ́ sílẹ̀ ní líno. Àṣìṣe ni. Linoleum tí Frederick Walton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1863 kì í ṣe ike rárá. Òróró irúgbìn kan, oje igi àti lẹ́búlẹ́bú èèpo igi ni wọ́n pò pọ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́ aṣọ tí a fi òwú àpò hun. Ó dára nínú ilé gbígbẹ. Ṣùgbọ́n bí omi bá gba etí rẹ̀ wọlé, aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò rà. Ẹ má gbé e wọ ọkọ̀.

Èyí tí ó kún ọjà wa jẹ́ ike tí à ń pè ní PVC. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ ike náà, ṣùgbọ́n gbígan ni ó gan títí di 1926, nígbà tí Waldo Semon, ará Amẹ́ríkà, rí ọgbọ́n tí ó mú un rọ̀. Kì í mu omi, ó rọrùn láti nù, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ jù. Àléébù rẹ̀ ni pé èyí tí ojú rẹ̀ ń dán a máa yọ̀ bí omi bá kàn án. Nínú yàrá, ènìyàn lè yọ̀ kí ó fi ìdí jókòó. Nínú ọkọ̀, ó lè yọ̀ wọ inú ọ̀sà. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá lò ó nínú ọkọ̀, kí ó ra èyí tí ojú rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, tàbí èyí tí wọ́n hun bí ẹní. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sun àjákù rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí ń ta ni lójú àti ní ọ̀nà ọ̀fun.

Irú kẹta ni rọ́bà gidi tí ó nípọn, tí ó ní ilà tàbí ihò lójú. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í yọ̀ lórí rẹ̀, a sì lè gé e ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí a máa gbé e sókè. Ìkẹrin ni fóòmù EVA, èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ tuntun. Kì í ṣe irú fóòmù tí a fi ń ṣe ibùsùn. Ihò inú fóòmù ibùsùn já sí ara wọn, nítorí náà ni ó fi ń mu omi. Ihò inú ti EVA dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, omi kò sì rí ọ̀nà wọlé. Ó fúyẹ́, ó sì tu ẹsẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n ẹrù wúwo a máa tẹ̀ ẹ́ bàjẹ́, epo ẹ́ńjìnnì a máa bà á jẹ́, èyí tí ó bá sì dúdú a máa gba oòrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ lásán kò fi ní lè dúró lórí rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ìkarùn-ún ni kápẹ́ẹ̀tì tí a fi òwú ike polypropylene hun. Òwú náà kì í mu omi, ṣùgbọ́n omi àti iyanrìn a máa fara pamọ́ sí àárín òwú náà. Bí a kò bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, tí a sì ń ká a sá, ó ṣeé lò; bí a bá lẹ̀ ẹ́, àtijọ́ ni a tún padà sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má gba ẹnu ọlọ́jà gbọ́. Ẹ gba àjákù díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dán an wò fúnra yín. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ rì í sínú omi iyọ̀ mọ́júmọ́, ẹ nu ojú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Ìwúwo tí ó bá fi pọ̀ sí i ni omi tí ó mu. Ẹ da omi ọṣẹ sí i, kí ẹnì kan di ẹlòmíràn mú kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó mọ̀ bóyá ó ń yọ̀. Ẹ gbé e sí oòrùn ọ̀sán fún wákàtí méjì, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè ṣe gbogbo èyí nínú kíláàsì láìná owó púpọ̀.

Ṣùgbọ́n rírà nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Ẹni tí ó bá tẹ́ ohun tuntun lé pátákó jíjẹrà, ó kàn fi aṣọ bo egbò ni. Ẹ kọ́kọ́ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, ẹ ha àtè ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ẹnu sukurudiráfà gún pátákó káàkiri. Ibi tí ó bá rì wọlé ti jẹrà. Ẹ gé e kúrò, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyókù gbẹ dáadáa, kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà, ní pàtàkì etí pátákó àti ojú ihò ìṣó, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Ẹ má ṣe dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde, ẹ má sì ṣe tẹ́ nǹkan bo ìdérí tí a ń ṣí wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ọkọ̀, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ọ̀pọ̀ ilé wa ń fa ọ̀rinrin láti ìsàlẹ̀. Kí ẹ tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn, ẹ tẹ́ ọ̀rá kan sí i, kí ẹ lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí ìrì omi lábẹ́ rẹ̀, àkókò kò tíì tó. Bí ilé ìwé tàbí ọ́fíìsì yín bá sì ní táìlì ike àtijọ́ tí wọ́n tẹ́ ṣáájú 1990, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má sì ṣe lọ̀ ọ́. Òmíràn nínú wọn ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ó sàn kí a tẹ́ tuntun lé e lórí.

Nínú èdè wa, 'tẹ́' kan wà tí a fi ń tẹ́ ẹní, 'tẹ́' kan sì wà tí í bá ẹni tí ojú tì láàárín àwùjọ. Ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yan ohun tí yóò tẹ́ lè ti inú èkínní bọ́ sínú èkejì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà sí Ìkòròdú. Pátákó mẹ́fà ni ó bá tí ó ti jẹrà, ó sì pààrọ̀ wọn. Rọ́bà onílà ni ó rà; ó gé e ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì fi bọ́tìnì irin há etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà gbé èrò lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, a ká gbogbo rẹ̀, a fọ̀ ọ́, a sá a, a sì yẹ pátákó wò. Nígbà tí a ròyìn rẹ̀ fún ìyá àgbà ní Ilé-Ogbó, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: 'Ṣé ó ṣeé ká?' A ní ó ṣeé ká. Ó ní, 'Ẹní náà ni.'