Òkú Kì í Jẹ́rìí: Ọ̀rọ̀ Tí Akọ̀wé Bá Ẹgbẹ́ Sọ Ní Ìpàdé

 

Ìyálọ́jà ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn agbésùnmọ̀mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ rédíò.

Gbogbo wa la rántí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ní Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni. Wọ́n yìnbọn, wọ́n ju bọ́ǹbù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier. Èèyàn tí kò dín ní 40 ló kú, àtọmọdé àtàgbà. Láti ìgbà náà, tí a bá ti rí àjèjì tó gbé báàgì, àyà wa á já.

Lọ́jọ́ kan nínú ọjà wa níbí, ẹnì kan pariwo pé, "Ọ̀kan nínú wọn rèé!" Ká tó ṣẹ́jú, táyà ti dé. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ló dì mọ́ ọmọ náà, ó ní àfi kí wọ́n sun òun pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá tú báàgì, aṣọ àti búrẹ́dì ló wà níbẹ̀. Alábàárù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, mi ò lanu. Ó ṣì ń dùn mí.

Ká tiẹ̀ ní agbésùnmọ̀mí ni lóòótọ́, tí a bá sun ún, ta ni yóò sọ ẹni tó rán an níṣẹ́? Òkú kì í jẹ́rìí. Láàyè ni kí ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé ẹjọ́ máa ń falẹ̀. Ti Ọ̀wọ̀ yìí, ó lé ní ọdún 3, oṣù Kẹjọ ọdún 2025, kí DSS tó kó ọkùnrin 5 dé Kóòtù Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá. Wọ́n ní àwọn ò jẹ̀bi. Adájọ́ ò lè tìtorí inú tó ń bí wa dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ̀rí ló ń wò. Tí ẹni tó rí nǹkan bá dákẹ́, ẹjọ́ á kú. Ẹ má bẹ̀rù: òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 fún kóòtù láyè láti fi orúkọ àti ojú ẹlẹ́rìí pamọ́ nínú irú ẹjọ́ yìí.

Nítorí náà, ẹ rántí ojú, aṣọ àti nọ́ńbà mọ́tò. Ẹ sọ fún olórí ìsọ̀ yín, kó pe ọlọ́pàá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé táyà wọ ọjà yìí mọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọjà wa. Àmín.