Ẹjọ́ Elékòó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé inú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ nìkan ni ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn wà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1925, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Eṣùgbàyí, Elékòó ti Èkó, lọ sí Ọ̀yọ́, kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó ka ẹ̀tọ́ aráàlú lẹ́sẹẹsẹ ní Nàìjíríà. Ohun tí ó wà ni òfin tí àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìdájọ́ wọn gbé ró láti ìran dé ìran, tí a sì mú wọ Èkó ní ọdún 1863.

Òfin kan tí a ṣe ní 1917 ni ìjọba dì mú. Ó fún Gómìnà láṣẹ láti lé olóyè tí a ti rọ̀ lóyè kúrò ní àgbègbè rẹ̀, bí àṣà ìbílẹ̀ bá béèrè bẹ́ẹ̀. Elékòó tọrọ àṣẹ habeas corpus, èyíinì ni pé kí ẹni tí ó dá a dúró wá sọ fún adájọ́ irú òfin tí ó fi ṣe é. Àwọn ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ yìí kọ̀ fún un. Wọ́n ní ohun tí Gómìnà bá ti pàṣẹ kọjá ìwádìí àwọn.

Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1928, wọ́n ní bí adájọ́ kan bá kọ̀ fún un, ó lè tọ òmíràn lọ. Ní oṣù Mars 1931, Lord Atkin sọ ojú abẹ níkòó: kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ẹnikẹ́ni àfi bí ó bá lè fi ẹsẹ̀ òfin múlẹ̀ níwájú adájọ́. Ṣé olóyè ni ọkùnrin yìí? Ṣé a rọ̀ ọ́ lóyè lóòótọ́? Ṣé àṣà Èkó ní kí ó kúrò nílùú? Ilé-ẹjọ́ ni yóò wádìí ìwọ̀nyí, kì í ṣe Gómìnà. Wọn kò sọ pé Ọba jàre o. Ìbéèrè nìkan ni wọ́n dá padà sí ilé. Síbẹ̀, kí ọdún náà tó parí, Elékòó ti padà sí Èkó.

Àbùkù kan wà lára irú òfin yìí. Ohun tí adájọ́ fi ọgọ́rùn-ún ọdún kọ́, aláṣẹ lè fi ìwé kan wó o. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ológun ṣe pẹ̀lú Òfin Kejì ti 1984, tí ó jẹ́ kí a ti ènìyàn mọ́lé láìsí ẹjọ́, tí ó sì di ilé-ẹjọ́ lẹ́nu. Nítorí náà ni ó ṣe dára pé abala 35 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 pa á láṣẹ pé kí a gbé ẹni tí a mú lọ sí ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé-ẹjọ́ bá wà ní ìwọ̀n 40 kìlómítà.

Ẹni tí ó wà látìmọ́lé kò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Ìlànà ilé-ẹjọ́ ti 2009 gbà kí aya, ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pe ẹjọ́ náà fún un.