Bíìtì ń dún létí yín, àmọ́ àwọn tó ń wo láìfù ò gbọ́ nǹkan kan

Àwọn tó ń ṣe bíìtì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọ̀kan nínú yín fi voice note ránṣẹ́ sí wa. Ó ní òun tan OBS, òun ṣí FL Studio, òun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíìtì láìfù. Ìlù ń dún kíkankíkan létí òun, àmọ́ "a ò gbọ́ nǹkan kan" ṣáá làwọn èèyàn ń kọ sísàlẹ̀. Kó tó gbójú sókè kà á, wọ́n ti tú ká. Dátà ti jó. Èyí tó dùn ún jù ni pé olórin kan tó fẹ́ ra bíìtì lọ́wọ́ ẹ̀ wà lára àwọn tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ohùn náà gbà. Lórí Windows, tẹ́ ẹ bá ń wo YouTube, ohùn yẹn á kọjá lọ́dọ̀ Windows fúnra ẹ̀ kó tó dé spíkà. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni OBS jókòó sí, òun ló ń pè ní Desktop Audio. Ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá ló lè gbọ́. Àmọ́ ASIO làwa tá à ń ṣe orin máa ń lò. Iléeṣẹ́ Steinberg ní Jámánì ló ṣe é, torí kí ohùn má bàa pẹ́ lọ́nà: tẹ́ ẹ bá tẹ kíbọ́ọ̀dù, kó dún lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà lọ bá soundcard tààrà, kì í ya ọ̀dọ̀ Windows. OBS wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú tó ń retí àlejò, àlejò ti gba ẹ̀yìn wọlé. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú àwọn méjèèjì.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kúkú yọ ASIO kúrò. Èmi ò fara mọ́ ọn. Lóòótọ́ OBS á gbọ́, àmọ́ ẹ ó tẹ ìlù tán kó tó dún. Ta ló fẹ́ lu gángan báyẹn?

Tó bá jẹ́ FL Studio lẹ ń lò, tí ẹ ò sì ní soundcard ọ̀tọ̀, ọ̀nà àbáyọ ti wà nínú ẹ̀. Ẹ tẹ F10, ẹ lọ sí Audio, níbi Device, ẹ mú FL Studio ASIO. Òun máa ń jẹ́ kí ohùn gba ọ̀dọ̀ Windows kọjá, síbẹ̀ kì í falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìlà Desktop Audio nínú OBS á bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè-sódò.

Ẹ̀yin tí soundcard yín ní ASIO tiẹ̀ ńkọ́? Ẹ wò ó bóyá ó ní Loopback. Ìyẹn á dá ohùn padà sínú kọ̀ǹpútà fún OBS. Tí kò bá ní in, ReaStream ni mo fẹ́ràn. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn Cockos tó ṣe Reaper ló ṣe é. Ẹ gbé e sórí Master, ẹ ní kó máa ránṣẹ́ sí 127.0.0.1, ìyẹn kọ̀ǹpútà yín fúnra ẹ̀. Nínú OBS, ẹ fi Audio Input Capture kan tí ẹ ò lò fún nǹkan míì kún un, ẹ ṣí Filters, ẹ mú VST 2.x, ẹ mú ReaStream, ẹ ní kó máa gbà á. Orúkọ tẹ́ ẹ kọ sí Identifier níbi méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Kò jẹ dátà kankan, inú kọ̀ǹpútà náà ló ń parí sí. Ẹ ó gbọ́ nípa VB-CABLE náà; ó dáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá darí ohùn síbẹ̀, ẹ̀yin gan-an lè má gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá tún un dá padà sétí yín. Ẹ̀yin ará Mac, ẹ wá BlackHole.

Tí orin bá ń dún lẹ́ẹ̀mejì bíi pé inú kànga lẹ wà, ọ̀nà méjì lẹ ṣí; ẹ pa Desktop Audio. Tó bá ń ta pàrà-pàrà, ẹ wo sample rate: 48 kHz ni OBS máa ń bẹ̀rẹ̀, FL Studio lè wà ní 44.1. Ẹ fi méjèèjì sí iye kan náà.

Kẹ́ ẹ tó tẹ Start Streaming, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ Start Recording. Ẹ ṣe ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ̀rọ̀ lé bíìtì lórí, ẹ gbé e sórí fóònù, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ọ láìlo earpiece, torí bí ọ̀pọ̀ èèyàn á ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Tí ìlà OBS bá ń wọ pupa ṣáá, ẹ dín bíìtì kù títí ohùn yín á fi yọ. Owó dátà kankan ò ní jáde lápò yín.