Ẹ̀jẹ̀ Ènìyàn àti Iṣẹ́ Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní ìlú Ọ̀tà)



Kò sí ẹni tí ó gba Sàngó kọjá tí kò ní mọ̀ pé ìlú ilé ẹ̀rọ ni ìlú wa dà. Níbẹ̀ ni a ti ń yọ́ irin àlòkù di ọ̀tun. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé ẹ̀rọ wọ̀nyí, àti nínú ti gbogbo ayé, kò sí èyí tí ó lè ṣe ẹ̀jẹ̀ tí yóò tó ilé ìwòsàn í lò. Ara ènìyàn nìkan ni a ti ń rí i.

Bí a bá bu ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, tí a fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ó dì sí i, yóò tòrò bí ògì ti í tòrò: omi yóò wà lókè, èyí tí ó ki yóò lọ sísàlẹ̀. Bí a bá pín ẹ̀jẹ̀ sí ọ̀nà 100, omi náà yóò kó nǹkan bí 55. Òun ni ó ń ru oúnjẹ lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara, tí ó sì ń kó ìdọ̀tí lọ sọ́dọ̀ kíndìnrín.

Nínú èyí tí ó wà nísàlẹ̀, hóró pupa ni ó pọ̀ jù. Irin inú wọn ni ó ń di afẹ́fẹ́ tí a mí sínú mú. Irin gbogbo ara àgbàlagbà kò ju nǹkan bí gíráàmù 4 lọ, bí ìṣó kékeré kan. Síbẹ̀, bí ó bá dín, àárẹ̀ dé. Inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń ṣe wọ́n. Wọn a lo nǹkan bí ọjọ́ 120, wọn a sì kú. Kòkòrò ibà a máa wọ inú wọn, a sì máa bà wọ́n jẹ́. Ìdí nìyí tí ibà líle fi ń sọ ọmọdé di aláìlẹ́jẹ̀.

Hóró funfun kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni jagunjagun tí ń bá àrùn jà. Àwọn kẹta kéré jù wọ́n lọ: bí ọ̀bẹ bá géni, àwọn ni ó ń sáré dí ojú ọgbẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó nǹkan bí lítà 5. Bí abiyamọ, tàbí òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ gé, tàbí ẹni tí ọkọ̀ kọlù ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, bá pàdánù lítà 2, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbà á là. Ní 1901, Karl Landsteiner fi hàn ní Vienna pé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Ẹ̀yà O, tí ó wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni ó pọ̀ jù láàárín àwa Yorùbá.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọjọ́ tí ewu dé ni àwọn ẹbí ń sáré kiri. A kò sì lè kó ẹ̀jẹ̀ sí àká bí àgbàdo: nínú òtútù, hóró pupa kò lè ju ọjọ́ 42 lọ, àwọn tí ń dí ọgbẹ́ kì í sábà ju ọjọ́ 5 lọ.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé okun wọn yóò tán. Ìwọ̀n tí a ń gbà, nǹkan bí mílílítà 450, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Omi rẹ̀ a padà láàárín ọjọ́ méjì, hóró pupa láàárín bí oṣù méjì. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé a ó fi ṣe oògùn owó. Ìbáwí kọ́ ni yóò lé ẹ̀rù yìí lọ. Bí ìjòyè bá kọ́kọ́ na apá rẹ̀ ní gbangba, ará ilé rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tí ara wọn le sílẹ̀, kí ọkùnrin máa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kí obìnrin máa ṣe é ní oṣù mẹ́rin, lẹ́yìn tí dókítà bá ti yẹ̀ wọ́n wò. Orúkọ tèmi ni kí ẹ kọ ṣáájú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.