Ohun Èlò Orin Àkọ́kọ́ ní Rood Woko
Àlàyé tòní wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ orin, tó sì ń wá ohun èlò tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ní Rood Woko, ọjà àárín gbùngbùn Ouagadougou. Bálàfóònù, ìyẹn ọ̀wọ́ pátákó igi tí a tò sórí akèrègbè, máa ń wọ́n, nítorí pé oníṣẹ́ ọnà ní láti gbẹ́ pátákó kọ̀ọ̀kan títí ohùn rẹ̀ yóò fi ṣe rẹ́gí. Ṣùgbọ́n bendré, ìlù àwọn Mossi, kò ju igbá ńlá tí a fi awọ bò lọ. Kí olùrajà tó sanwó, kí ó lu àárín awọ, kí ó sì lu etí rẹ̀, nítorí ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Bí ohùn bá sì há, igbá lè ti sán.