Kọ̀ǹpútà Tó Tàn Tí Ojú Rẹ̀ Dúdú

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Ayétòrò

  

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìwé kà, kí ló kàn wá nínú kọ̀ǹpútà?" Ó kàn yín o. Ẹni tó bá ní owó ní báńkì, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ yín tó bá fẹ́ wọ yunifásítì, orí kọ̀ǹpútà ni yóò ti ṣe ìdánwò JAMB, nítorí láti 2015 ni wọ́n ti pa ti orí ìwé tì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pẹ̀lú ti kó ìṣirò owó wọn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ni wọ́n, ní ilẹ̀ Yewa wa níbí. N kò ní dárúkọ wọn. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n pín èrè ọdún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, akọ̀wé wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Iná kékeré iwájú rẹ̀ tàn, fáànù inú rẹ̀ ń fẹ́ fùù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó pa á, ó tún tàn án. Pàbó ni.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ aláàtúnṣe kan. Ó wò ó díẹ̀, ó ní, "Mọ́dábọ́ọ̀dù ti jóná. Ẹ lọ ra òmíràn. Gbogbo ohun tó wà nínú èyí ti lọ."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Àwọn kan ní akọ̀wé ló mọ̀ọ́mọ̀ ba kọ̀ǹpútà jẹ́, kí a má baà mọ iye tó ti kó jẹ. Ìyá ọmọ náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí kan náà. Lọ́jọ́ ọjà kejì, kò lè jáde nílé.

Nígbà náà ni Ìyá Alága ránṣẹ́ pè mí.

Mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ní kí a jókòó, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí a ń wò bíi tẹlifíṣọ̀n, mọ́nítọ̀ ni. Àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọn èèyàn wa ń pè ní síípíyù, òun ló ń ṣe iṣẹ́. Bí ojú bá dúdú, ó lè jẹ́ mọ́nítọ̀, ó lè jẹ́ síípíyù, ó sì lè jẹ́ wáyà tó so méjèèjì pọ̀.

Nínú síípíyù, ibi ìpamọ́ méjì ló wà. Ọ̀kan ń jẹ́ ráàmù, èkejì ń jẹ́ háàdì díìsìkì. Ẹ wò ó báyìí: ráàmù dà bí àtẹ tí ẹ ń pa ọjà lé lójú ọjà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ó palẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní ku nǹkan kan lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ráàmù ṣe ń gbàgbé ohun gbogbo bí iná bá ti lọ. Háàdì díìsìkì ni àpótí inú yàrá, tí ẹ ń kó ọjà sí di ọjọ́ mìíràn. Inú àpótí yìí ni ìṣirò owó wà. Bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá tilẹ̀ jóná lóòótọ́, a lè yọ háàdì díìsìkì kúrò, kí a fi í sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi owó pamọ́, kò lè fi ojú tó dúdú bò ó. Nígbà tí mo sọ báyìí, mo rí i tí akọ̀wé gbé orí sókè.

Ó wá kù kí a wá àìsàn kọ̀ǹpútà. Láti ìta wọnú ni kí ẹ máa wá a.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣé púlọ́ọ̀gì wọlé dáadáa? Ní ẹnu ibodè tiwa yìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹrù ń gba Ìdírókò wọlé láti Kùtọ̀nú. Púlọ́ọ̀gì tiwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì róbótó ni, tiwa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta igun mẹ́rin. Ẹlòmíràn a fi ipá ti róbótó bọ tiwa, á sì máa mì. Iná á wọlé, á jáde, á wọlé. (Kíbọ́ọ̀dù wọn náà yàtọ̀: ibi tí Q wà lára tiwa, A ni wọ́n fi síbẹ̀. Mo ti fi ọ̀kan tẹ lẹ́tà rí. Ojú tì mí.)

Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ń gbà wọlé. Lára àwọn kan, súìṣì pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná wọn ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 120, tiwa jẹ́ 230. Bí ó bá wà ní 115 tí ẹ kì í bọ iná wa, ẹ ó gbọ́ gbàù! Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná kí ẹ tó fọwọ́ kan súìṣì yẹn.

Lẹ́yìn náà, mọ́nítọ̀. Ẹ tàn án, kí ẹ yọ wáyà tó so ó mọ́ síípíyù. Bí mọ́nítọ̀ bá wà láàyè, òun fúnra rẹ̀ á kọ nǹkan sójú, bíi NO SIGNAL, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí ó bá kọ ọ́, ẹ má dá mọ́nítọ̀ lẹ́bi mọ́. Ẹ dá wáyà padà, kí ó wọlé ṣinṣin. Àwọn síípíyù kan ní ojú ihò méjì fún mọ́nítọ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ lára káàdì tí wọ́n fi kún un. Ti ara káàdì ni kí ẹ lò.

Ti ẹgbẹ́ wa yìí, mọ́nítọ̀ kọ NO SIGNAL. Wáyà dára. Mo ní kí gbogbo ilé dákẹ́, kí wọ́n pa rédíò, mo sì tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí a tẹ́tí sílẹ̀, a gbọ́ ọ: pííì, ó dákẹ́, pííì, ó tún dákẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kọ̀ǹpútà ń sunkún ni! Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1981 ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá tàn án, á kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, tí kò sì lè kọ ọ́ sójú, á ké. Igbe yìí yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, àwọn mìíràn kì í sì í ké rárá, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀, igbe gígùn tó ń tún ara rẹ̀ ké, ọ̀rọ̀ ráàmù ni. Aláàtúnṣe yẹn kò gbọ́ ọ, nítorí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi púpọ̀ lórí ìyẹn. Pé ó ní gbogbo ìṣirò ti lọ láì ṣí i wò, ìyẹn ni mo dá a lẹ́bi fún.

Mo pa á. Mo yọ púlọ́ọ̀gì. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Mo fọwọ́ kan irin ara àpótí náà, nítorí lákòókò ọyẹ́, ara wa máa ń ní iná kékeré tó lè ba ráàmù jẹ́. Mo tú sukuruù, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Háà! Eruku pupa ilẹ̀ wa pọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bọ́ sí i.

Ráàmù dà bí rúlà kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi góòlù. Ìdè kékeré ló mú un lápá ọ̀tún àti òsì. Mo tẹ̀ ẹ́, ráàmù yọ. Mo gbà rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́, mo rọra fi nu ẹsẹ̀ rẹ̀ tójú-tẹ̀yìn, níbi tó jìnnà sí kọ̀ǹpútà, kí ìdọ̀tí rọ́bà má bọ́ sínú ihò. Mo dá a padà, mo tẹ̀ ẹ́ títí ìdè fi dún kà. Bí ráàmù bá jẹ́ méjì, ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo dán an wò, kí ẹ tún fi èkejì.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣí: àpótí irin kékeré tí wáyà iná wọ̀, tí wọ́n ń pè ní páwà páàkì. Bí ẹ tilẹ̀ yọ púlọ́ọ̀gì, iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ tó lè pa èèyàn. Bí ẹ bá sì gbọ́ òórùn jíjóná, ẹ yọ iná, kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mo ní kí akọ̀wé fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ó ké pí lẹ́ẹ̀kan, kúkúrú. Ojú mọ́nítọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá hó yèè!

Wọ́n kò sì dìde. Wọ́n ní kí ó ka ìṣirò náà jáde. Ó ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá kọ̀ọ̀kan sì ń fi ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀ yẹ tirẹ̀ wò. Gbogbo rẹ̀ pé. Ìyá Alága dìde, ó ní, "Akọ̀wé, ọmọ mi, má bínú sí wa." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ gàrí rẹ̀ rù, ó gba ọ̀nà ọjà lọ.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, akọ̀wé ń da ìṣirò kọ sínú fíláàṣì, Ìyá Alága sì ń tọ́jú rẹ̀ sílé tirẹ̀. Wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Ó tó gẹ́ẹ́. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín yìí, mo ti yọ ráàmù rẹ̀ kí ẹ tó dé, òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo ti yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ náà. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ wá fi í padà? Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ máa bọ̀.