Ọ̀dà Fẹ́lẹ́ Tó Wà Lójú Páànù

 

Láti ọ̀la lọ, ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ẹ̀ka iṣẹ́ irin ni àwọn onílé yóò máa bi pé ọ̀dà wo ni kí àwọn fi kun òrùlé. Ẹ jẹ́ ká jọ rán ara wa létí pé awọ fẹ́lẹ́ tó wà lójú irin, tí kò nípọn tó mìlímítà kan, ló ń pinnu bí oòrùn yóò ṣe mú un tó.

Awọ yìí ń gba ooru, ó sì tún ń tú ooru sílẹ̀. Títú yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ẹ wo alumíníọ́mù tó ń dán gbinrin: nínú ooru oòrùn tó bà lé e, kì í gbà ju nǹkan bí ìdá 15 nínú 100. Ṣùgbọ́n ahun ni. Ohun tó ń tú sílẹ̀ kò ju bí ìdá 5 nínú 100 èyí tí ojú dúdú pátápátá ìbá tú. Ọ̀dà funfun ń gba bí ìdá 20 sí 25, àmọ́ ó ń tú tó ìdá 90. Ìdí nìyí tó fi máa ń tutù ju èyí tó ń dán lọ lọ́sàn-án gangan.

Harry Tabor, onímọ̀ ará Ísírẹ́lì, lo ìwà ahun yìí fún rere. Ní 1955, ó ṣàlàyé awọ dúdú tó ń gba oòrùn púpọ̀ tí kì í sì í tú ooru sílẹ̀ bọ̀rọ̀, fún ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn mú omi gbóná.

Ṣùgbọ́n àwọn òrùlé tó ti dípẹtà, tí a ń rí láti orí òkè Màpó n'Ìbàdàn, ló wà lọ́kàn mi jù. Ìpẹtà ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ooru oòrùn. Àwọn ọmọ ọwọ́ àti arúgbó ń bẹ lábẹ́ wọn.

Bí ẹ bá wá fẹ́ kun òrùlé ní funfun, ẹ má fi ọ̀dà olóròóró kun páànù síńkì tuntun ní tààrà. Síńkì máa ń sọ òróró inú ọ̀dà náà di ọṣẹ, ọ̀dà a sì bó. Ẹ fọ ọ̀rá ojú páànù kúrò, ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó wà fún síńkì kùn ún, kí funfun tó dé orí rẹ̀. Ẹ sọ fún onílé pé kó máa fọ eruku ọyẹ́ kúrò. Bí owó rẹ̀ kò bá sì tó kun gbogbo òrùlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí yàrá tí wọ́n ń sùn.